Bí Mo Bá Kú, Ìyàwó Mi Ni Kí Ẹ Mú

Mafoluku, Òṣòdì,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí ìyá rẹ sè.

Ọlákúnlé, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un bọ̀ láti Kàdúná, mo jókòó sórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà, mo wọ awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O kò kí mi. O kò béèrè orúnkún mi tó ń dùn mí. Ohun tí o fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, “Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ pé mo kú, ẹ má wá ẹlòmíràn kiri, Bùsọ́lá ni kí ẹ mú.” Bùsọ́lá ìyàwó rẹ ni o ń wí o, ọmọ tí gbogbo wa bá ọ lọ tọrọ ní èṣí, tí o dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀ títí àyà agbádá rẹ fi di eruku.

O ní ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ní o kò fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́, nítorí ó ń wò ọ́ ní ìwòkuwò. Mo yí ìwé náà síwá, mo yí i sẹ́yìn, bóyá màá rí ẹ̀jẹ̀. Epo pupa ni mo rí, ojú ìka mẹ́ta gbáko, ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Ọmọ mi, ta ló se ẹ̀gúsí fún ọ? Jẹ́ kí n fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ná, a óò padà sí i.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú kì í sì í ṣe ohun tí èmi lè fi rẹ́rìn-ín mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ohun tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí. Ìyá rẹ ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ tán, kí n má fo ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀. Ó jókòó tì mí níbí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń yọjú wo ìwé.

Èkíní: má ṣe bi ìyá ìyàwó rẹ léèrè ìgbà tí yóò padà sílé.

Nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú, mo ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran. Ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ fún àwọn èrò ọkọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni a ní ní Mafoluku. Gbogbo ayé ló ń ra gíramafóònù ńlá nígbà náà, èmi náà ra tèmi, ó gba ìdajì yàrá. Ìdajì tó kù, èmi, ìyá rẹ, ìwọ ọmọ ọwọ́, àti ìyá ìyá rẹ tó wá láti Abẹ́òkúta láti máa wẹ̀ ọ́, ni a jọ ń pín in.

Màmá wẹ̀ ọ́ títí o fi hu eyín. Wọ́n wẹ̀ ọ́ títí o fi rá, o sì dìde rìn. Ó kù díẹ̀ kí o máa wẹ ara rẹ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ẹní wọn wà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé o ti dé?” bí ẹni pé èmi ni mo wá kí wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, gbogbo wa ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ni ẹnu mi bá là, mo ní, “Ẹ̀yin Màmá, ṣé ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Abẹ́òkúta ṣì ń dúró ní Òṣòdì?”

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kì í ṣe pé ẹnu mi ṣèèṣì là. Ó dára. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Màmá dìde. Wọ́n tú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì orí wọn, wọ́n ká a, wọ́n kó ẹrù wọn sínú agbọ̀n. Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ orin kejì nínú ìsìn, wọ́n ti wà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ sá tẹ̀lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò dúró. Nígbà tó padà dé ní ọ̀sán, ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Bàbá Kúnlé, ẹ ti lé ìyá mi.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Oṣù mẹ́rin ni n kò fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ mọ́.

Èkejì: bí inú bá bí ọ, sọ ọ́ jáde. Má fi ọ̀rọ̀ rán ẹlòmíràn sí ẹni tí ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Àwa, ìwọ ni a ń rán. Ìyá rẹ á ní, “Kúnlé, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ wà lórí tábìlì.” Èmi náà á ní, “Kúnlé, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti jẹun wá.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o mọ̀ ọ́n sọ nígbà náà ni “bọ́ọ̀lù”. Wàá kọjú sí ìyá rẹ, wàá ní “bọ́ọ̀lù”. Wàá kọjú sí mi, “bọ́ọ̀lù”. Ó sì yé wa.

Ibi tí n kò fẹ́ kọ ni ó kàn yìí.

Ìdílé kan wà nínú ilé tó fẹ̀yìn ti tiwa. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ, ó ń kó ẹrù láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òkè Ọya. Bàbá Risi ni a ń pè é. Ìyá Risi, ìyàwó rẹ̀, ń ta aṣọ níwájú ilé. Oṣù méje ni àwọn náà kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Risi á gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà fún ọkọ rẹ̀, ọkọ á gbé e fún ajá. Ọkọ á wá gbé tírélà dí iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà má lè rí i, ìyàwó náà á da omi ẹja sí i ní táyà. Gbogbo àdúgbò ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. A máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìsìn, a ó máa sín wọn jẹ, èmi bàbá rẹ ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn bíi Bàbá Risi, tí mo tún yínmú bíi Ìyá Risi, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí oòrùn wà lókè gangan, a gbọ́ igbe ẹyọ kan. A kò gbọ́ ìkejì. Bàbá Risi jáde, irin tó fi ń tú táyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wo ojú mi, nítorí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi fún un, kò dìde.”

A bu omi. Kò mu ún.

Ọlọ́pàá wá mú un. Wọ́n ní ẹja ló fà á, pé ìyàwó fi ẹja ọkọ ṣe àlejò. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù pẹ̀lú, ìwé ìròyìn sì gbé e. Ọmọ mi, kì í ṣe ẹja. Ẹja kì í pa èèyàn. Oṣù méje ni, tí ẹnì kan kò kan ilẹ̀kùn wọn, tí èmi ń rìn bíi rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n mo wà lọ́jà o, mo ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí títí di òní. Ìyá rẹ ti dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró.

Ẹ̀rù wá ba gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkùnrin kan ní Mafoluku tí kò bẹ̀rẹ̀ sí gbóòórùn ọbẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, títí kan àwọn tó ti ń jẹ oúnjẹ ìyàwó wọn fún ogún ọdún. Àwọn obìnrin náà ń kó irin táyà pamọ́. Gbajámọ̀ àdúgbò, tó máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún wa, kò ka ohun mìíràn mọ́ ju ọ̀rọ̀ ìpànìyàn lọ: ọkọ tó gún ìyàwó, ìyàwó tó bu oògùn sí ògì, àbúrò tó dúró de ẹ̀gbọ́n ní oko. Mo ń gé àwọn ìròyìn yẹn kúrò nínú ìwé, mo ń kó wọn sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Orí wọn ni mo ń sùn. Nǹkan tí mo fi ń ṣe àdúrà ni pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé, tí màá sì máa fi igun ojú wo ìyá rẹ. Mo dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ rẹ̀ pátápátá. Ìrẹsì tí mo ń rà jẹ ní Òṣòdì, òkúta inú rẹ̀ tó fi kọ́ ilé.

Lọ́jọ́ kan mo tú báàgì ìyá rẹ. (Èyí náà jẹ́ ìmọ̀ràn: má tú báàgì obìnrin.) Mo bá àwọn ìdì kéékèèké nínú rẹ̀, bébà funfun, wọ́n tó ogójì. Wọ́n kọ èdè tí n kò mọ̀ sí i lára. Mo ya ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun ló wà níbẹ̀. Mo mú un jáde, mo dà á sílẹ̀ fún àkùkọ onílé, mo dúró kí ó kú. Àkùkọ náà ṣá a jẹ, ó gbọn ìyẹ́, ó wò mí lójú. Kò kú. Dípò kó kú, ṣe ló ń tẹ̀ lé mi kiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á sáré pàdé mi. Mo sọ fún ara mi pé oògùn tó ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni.

Bí mo ṣe gba ọ̀dọ̀ Bàbá Akọ̀wé lọ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Òṣòdì ni ó máa ń jókòó sí, lábẹ́ páànù, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà. Mo gbọ́ pé ó ti ń bá àwọn ará àdúgbò kọ lẹ́tà kan, tí wọ́n ń fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀: bí mo bá kú, lágbájá ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ náà ti di àṣà. Mo kí i, mo ní mo wá kọ irú rẹ̀.

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Èwo nínú ẹ̀? Ti ọkọ àbí ti ìyàwó?”

“Ti ọkọ ni.”

Ó ki bébà bọ ẹ̀rọ. “Orúkọ madam?”

“Àbẹ̀kẹ́. Pápákọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́. Mafoluku là ń gbé.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. “Ṣé kì í ṣe Ìyá Kúnlé?”

“Òun ni.”

Ó ṣí àpótí, ó yọ ìwé kan, ó mi orí. “Ọ̀gá, mi ò lè gba iṣẹ́ yín o. Madam ti wá láti Tuesday. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ká mú.”

Ọmọ mi, inú bí mi! “Èmi? Èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi tí n kò pa ẹran kéréje rí? Obìnrin yìí mà burú o! Kí ló dé tó lè ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀?” Mo gbàgbé ohun tí ó gbé mi wá pátápátá. Bàbá Akọ̀wé jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ní, “Ọ̀gá, láti ìgbà ọ̀rọ̀ Ìyá Risi ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò tíì rí tọkọtaya tí àwọn méjèèjì wá. Àwọn tó fẹ́ pa èèyàn kì í wá síbí. Ẹ lọ mú madam wá, make una read am for una self. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.”

N kò mọ bí mo ṣe máa pè é, nítorí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìwọ ni mo rán. O ní “bọ́ọ̀lù”. Ìyá rẹ gbé ọ pọ̀n, ó tẹ̀ lé mi.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì Bàbá Akọ̀wé, ó na lẹ́tà ìyá rẹ sí mi pé kí n kà á sókè. Ojú irin wà lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ń kọjá, àfi kí n dúró ní àárín gbólóhùn títí yóò fi lọ tán. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Ní gbogbo Sátidé, ọkọ mi ń pọ́n àdá, á sì máa wò mí. Kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Mò ń sè é, mò ń gbé e kalẹ̀, mò ń dà á nù. Bí ó bá pa mí, kí ẹ fi ọmọ mi fún ìyá mi.”

Àdá oko àgbàdo mi ni o, èyí tí mo dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìdí tí mo fi ń wò ó ni pé mo fẹ́ kó kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin mìíràn ń bọ̀ nígbà náà, inú mi dùn sí i, nítorí ohùn mi ti gbọ̀n.

Nígbà tí ó yí kàn mí, mo ní, “Ìyẹ̀fun inú báàgì rẹ ńkọ́?” Ìyá rẹ ṣí báàgì. Ó ya ìdì kan, ó dà á sẹ́nu. Ó ya ìkejì, ó ní kí n lanu. Ó pẹ́ kí n tó là á. Ṣúgà ni, ṣúgà tí wọ́n ń fún àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú fún tíì, èyí tí wọn kò lò.

“Màmá ni mò ń kó o jọ fún,” ni ìyá rẹ wí. “Wọ́n fẹ́ràn ògì tó bá dùn. Mo fẹ́ lọ bá yín bẹ̀ wọ́n, mi ò fẹ́ dé ọwọ́ òfìfo.”

Ó fẹ́ lọ bá mi bẹ ìyá tí mo lé, obìnrin tí mo rò pé ó fẹ́ pa mí. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní Òṣòdì, lójú gbogbo èrò. Ojú kò tì mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta. Mo na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú Màmá. Wọ́n mu ògì wọn tán, pẹ̀lú ìdì ṣúgà mẹ́fà, mo ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọkọ̀ ojú irin tó ń padà sí Òṣòdì ṣì wà lónìí?” Kí n tó mọ ohun tí màá dáhùn ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bá wa padà. Ọdún méjì sí i ni wọ́n lò.

Ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin, n kò mọ̀ mọ́: ojú ewé mẹ́rin ni o kọ ránṣẹ́ sí mi, o kò kọ ohun tí ìwọ ṣe. Bí mo ṣe fẹ́ kọ tèmi náà nìyẹn, n kò ní dárúkọ ìyá ìyàwó mi níbẹ̀ rárá. Padà mú bébà, kọ ohun tí o ṣe. Bí o bá kọ ọ́ tán, wàá rí i pé kò sí ohun tí o tún fẹ́ kọ mọ́. Ìjà lè wáyé, ahọ́n pàápàá ń bá eyín jà. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí. Ní ọjọ́rú, lẹ́tà mìíràn dé láti Kàdúná, ìyá rẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bùsọ́lá ló kọ ọ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ apá kan nínú rẹ̀ síbí bó ṣe wà:

“Ẹ kú ilé, Màmá. Ṣé orúnkún Bàbá ti fúyẹ́? Ọmọ yín ní òun kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bí mo bá lọ pọn omi kí n tó padà dé, ẹran á ti dín kù nínú ọbẹ̀. Mi ò sọ ọ́, kí ojú má baà tì í. Mo ti ń gé ẹran náà tóbi sí i. Mo máa ń ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀ díẹ̀, kó má baà dún nígbà tó bá ń mú un. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ bá mi bi í, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?”

Kúnlé, mo fi lẹ́tà tìrẹ sínú àpò ìwé yìí, mo dá a padà. N kò ní bá ọ tọ́jú rẹ̀. Fún Bùsọ́lá kó kà á, epo náà wà lára rẹ̀, yóò mọ ọbẹ̀ rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ fún un bí o ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí ọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí òun. Lẹ́yìn náà kí o fa àga, kí o jókòó sídìí tábìlì bí ọkọ, kí o jẹun níwájú rẹ̀. Bí ó bá bi ọ́ bóyá oúnjẹ náà tó, sọ pé kò tó.

Ẹ̀wà ti jinná, Ìyá Kúnlé ń pè mí.

Bàbá rẹ.